Kámẹ́rà Tápá Ká àti Ọ̀gá Kámẹ́rà: Kí Gan-an Ni Owó Tó Lé Yẹn Ń Rà?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà gidi tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ òde, ẹ ó bá a pé oríṣi méjì ló wà nílẹ̀: èyí tápá ká, àti ọ̀gá wọn tówó rẹ̀ ń kani láyà. Ẹ jẹ́ ká fi Nikon méjì ṣe àlàyé, torí ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, lẹ́ǹsì kan náà ló sì ń wọ̀ wọ́n. Èkíní ni Z5II, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ní nǹkan bíi dọ́là 1,700 ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni Z9, tó jáde lápá ìparí ọdún 2021 ní nǹkan bíi dọ́là 5,500. Owó kámẹ́rà lásán nìyẹn o, lẹ́ǹsì ò sí ńbẹ̀.

Full-frame mirrorless ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú mirrorless ná, ìyẹn kámẹ́rà aláìnídígí. Nínú àwọn kámẹ́rà ti tẹ́lẹ̀, dígí kékeré kan wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì tó ń gbé àwòrán wá síbi tẹ́ ẹ ń yọjú wò. Bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ bọ́tìnì báyìí, dígí náà á gbéra kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Wọ́n ti yọ dígí yẹn kúrò nínú àwọn tuntun yìí. Sikirín kékeré ló wà níbi tẹ́ ẹ ń yọjú wò, bí àwòrán náà ṣe máa rí lẹ ti ń rí i níbẹ̀: tó bá ṣókùnkùn jù lójú yín, ẹ tètè tún un ṣe kẹ́ ẹ tó yà á.

Full-frame ní tiẹ̀ jẹ mọ́ títóbi sensor, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé nínú kámẹ́rà. Agbàmọ́lẹ̀ ni n ó máa pè é. Agbàmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ ní mìlímítà 36 sí 24 bá ojú fíìmù tí àwọn ayàwòrán ayé ìgbà kan ń kì bọ kámẹ́rà dọ́gba, òun la ń pè ní férémù kíkún. Fífẹ̀ rẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí àwòrán mọ́ nínú gbọ̀ngàn tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ tàn. Z5II àti Z9, agbàmọ́lẹ̀ wọn fẹ̀ bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n rò pé ẹwà àwòrán ni owó tó lé yẹn ń rà.

Òótọ́ ni pé Z9 ń kó àmì kéékèèké mílíọ̀nù 45.7 jọ sínú àwòrán kan, nígbà tí Z5II ń kó mílíọ̀nù 24.5. Àmọ́ ẹ wo ohun tíyẹn já sí lórí pépà. Tẹ́ ẹ bá tẹ àwòrán Z5II dáadáa, pẹ̀lú àmì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ó máa tó íǹṣì 20 ní ìbú àti 13 ní gíga. Álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó wo ló tóbi jùyẹn lọ? Ẹni tó ń gé àwòrán kù ní ìdajì kó tó tẹ̀ ẹ́, tàbí tó ń tẹ èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sójú títì, ló máa jẹ àǹfààní èyí tó kù.

Ọpọlọ wọn náà ò jìnnà síra. EXPEED 7 ni Nikon ń pe ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò nínú Z9, òun kan náà ni wọ́n sì fi sínú Z5II nígbà tó yá. Òun ló ń dá ojú èèyàn mọ̀, tó ń tẹ̀ lé e, tí kì í jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì yẹ̀ kúrò lára ìyàwó kó lọ sára òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti ọ̀gá nìkan lọ́dún 2021 ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́rin.

Kí wá ni owó yẹn ń rà? Eré ni, àti ìfaradà.

Ẹ jẹ́ ká mú eré. Agbàmọ́lẹ̀ kì í ka àwòrán tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ló ń kà á, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń roko ní ebè kọ̀ọ̀kan: tí kò bá yára, kó tó dé ebè ìkẹyìn, koríko á ti máa yọ lórí ti àkọ́kọ́. Ohun tó bá ń sáré á ti kúrò níbi tó wà kí kámẹ́rà tó ka ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ wo onídùndún tó ń lu ìyá ìlù níwájú ọkọ ìyàwó: kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó le gbagidi á wá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwòrán. Iná LED orí ìtàgé tún ń ṣe tiẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú wa ò lè rí, kámẹ́rà tí kò yára á sì ya ìlà dúdú gbọọrọ sára aṣọ funfun ìyàwó.

Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń yẹra fún èyí ni shutter, ìlẹ̀kùn tín-ín-rín tó ń ṣí, tó ń pa, níwájú agbàmọ́lẹ̀. Z5II ní ìlẹ̀kùn yìí, tẹ́ ẹ bá sì ń lò ó, kọ̀ǹgọ́ onílù ò ní tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú yín. Z9 ò ní ìlẹ̀kùn rárá. Agbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onípele, wọ́n to àwọn wáyà àti ibi ìkówòrán-pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní ìpele ìpele, ó sì ń ka àwòrán tán kíákíá débi pé ìlẹ̀kùn ò pọn dandan mọ́. Kì í dún, ojú yín kì í sì í ṣókùnkùn níbi tẹ́ ẹ ń yọjú wò bẹ́ ẹ ṣe ń yà. Ó lè ya àwòrán 20 tí a ò tíì fún pọ̀ sí JPEG láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Z5II ń ya nǹkan bíi 11 lọ́nà kan náà.

Àwọn tí eré yìí wà fún ni ẹni tó ń ya bọ́ọ̀lù, eré sísá, ẹyẹ tó ń fò, àti akọ̀ròyìn tí ò gbọ́dọ̀ dún nínú ilé ẹjọ́ tàbí níbi tí wọ́n ti ń gba gọ́ọ̀fù. Z9 náà ni NASA mú láti fi ṣe ìpìlẹ̀ kámẹ́rà tí wọ́n ń tún ṣe fún àwọn tó máa tẹsẹ̀ bọ òṣùpá. Iṣẹ́ tó bá le tóyẹn, ẹ ra ọ̀gá, ẹ má wẹ̀yìn.

Ní ti ìfaradà, Z9 wúwo tó gíráàmù 1,340 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀, Z5II ò ju nǹkan bíi 700 lọ. Bátìrì ńlá ló fà á, àti ìdìmú kejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ lè fi gbé kámẹ́rà dúró lóòró láìká apá kò. Ó tún ní ìbòrí tó ń pa dé iwájú agbàmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti paná kámẹ́rà, kí eruku má bàa wọlé tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Nígbà ọyẹ́, ohun ńlá nìyẹn, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: òde tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí kò ní tán títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwúwo ìlọ́po méjì lórí ọrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bátìrì méjì sí mẹ́ta nínú àpò á gbé Z5II dé òpin òde náà.

Owó tó ń tẹ̀ lé e náà wà ńbẹ̀. Káàdì CFexpress ni Z9 ń gbà, ó wọ́n ju SD tí Z5II ń gbà lọ dáadáa. Àwòrán rẹ̀ wúwo, kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ lágbára, dírááfù tẹ́ ẹ máa kó wọn sí náà á tètè kún. Fídíò nìkan ló lè dá yín dúró díẹ̀: Z9 ń ya 8K, Z5II ń ya 4K, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ 4K ní férémù 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, Z5II á gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó ní iye tí wọ́n fi gbé wọn jáde. Z5II méjì jẹ́ dọ́là 3,400. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 jẹ́ nǹkan bíi 600, 85mm f/1.8 jẹ́ nǹkan bíi 800. Gbogbo rẹ̀ di 4,800. Ó ṣẹ́ ku 700 tẹ́ ẹ lè fi ra fíláàṣì, kó tó tó owó Z9 kan ṣoṣo tí kò ní lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà méjì sì lèèyàn nílò níbi ìgbéyàwó, torí tí ọ̀kan bá kọṣẹ́ nígbà tí bàbá ń fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n tún un ṣe.

Lẹ́ǹsì gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ náwó lé. Wọ́n ń ta Z5II pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24-50mm kan tí ẹnu rẹ̀ ò lè ṣí ju f/6.3 lọ tẹ́ ẹ bá fà á dé 50. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé f yìí bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ lẹnu lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó. 50mm tó ń ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po méjìlá ti èyí. Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, kò sí ọ̀gá kámẹ́rà tó lè fi ara rẹ̀ san ìyàtọ̀ yẹn padà.

Kì í sì í ṣe gbogbo èyí tápá ká ló rí bákan náà. Canon R8, tó jáde lọ́dún 2023 ní nǹkan bíi dọ́là 1,500, fúyẹ́, ó sì ń yàwòrán dáadáa, ṣùgbọ́n ojú káàdì kan ló ní, kò sì ní ohun tó ń mú agbàmọ́lẹ̀ dúró tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Z5II ní ojú káàdì méjì, ó lè kọ àwòrán kan náà sórí méjèèjì, ó sì ń mú agbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró. Fún iṣẹ́ àwọn oníbàárà tó ń sanwó, èmi ò ní ra kámẹ́rà olójú káàdì kan.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú káàdì àti lẹ́ǹsì tiyín dání. Ẹ ti lẹ́ǹsì dé f/16, ẹ ya ògiri funfun, kẹ́ ẹ wá fẹ àwòrán náà lójú: àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú gbogbo àwòrán, eruku tàbí ìfarapa ni, ẹ ní kí wọ́n nù ún níṣojú yín kẹ́ ẹ tún un yà. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ìlẹ̀kùn Z5II ti ṣí. Nọ́ńbà náà wà nínú fáìlì àwòrán, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lè bá yín yọ ọ́. Z9 ò ní ìlẹ̀kùn tó lè gbó, nítorí náà ẹ wo àwọn irin wẹ́wẹ́ ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé ojú káàdì méjèèjì ń kọ àwòrán sórí káàdì kẹ́ ẹ tó sanwó.