Nígbà Tí Èémí Ní Láti Gba Imú

Ọ̀kadà àti ọkọ̀ àjàgbé ló jọ ń du ojú pópó láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ láìdé akoto, egungun àgbọ̀n rẹ̀ lè kán. Oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ tò ó sábà máa ń fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ kí egungun lè bára mu. Ẹni tí wọ́n kun lóorun sì gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tí èémí ń gbà lọ́nà ọ̀fun. Bí rọ́bà yẹn bá gba ẹnu, eyín kò ní í pàdé. Imú ló kù.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ìṣòro yìí ló dojú kọ àwọn akunilóorun méjì, Ivan Magill àti Stanley Rowbotham, ní Sidcup, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí oníṣẹ́ abẹ Harold Gillies ti ń tún ojú àwọn sójà tí ogun bà jẹ́ ṣe. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ti rọ́bà gba imú láìwo ọ̀fun rárá. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́nà: bí ariwo èémí bá ń ròkè lẹ́nu rọ́bà, ó ń lọ dáadáa, bó bá dákẹ́, ó ti lè yà sí ọ̀nà oúnjẹ. Títí dòní ni àwọn akunilóorun ń lo ẹ̀mú Magill láti darí rọ́bà nínú ọ̀fun. Ní 1967, akunilóorun Peter Murphy lo okùn oníná tó ṣeé tẹ̀, ó sì fi ojú rí ọ̀nà tí rọ́bà máa gbà.

Ẹ̀jẹ̀ imú ni àwọn akunilóorun ń ṣọ́ra fún jù. Wọ́n á kán oògùn tó ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì sí imú, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mú rọ́bà rọ̀, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ pa á lára. Wọn kì í tì í sókè. Ilẹ̀ imú lọ tààrà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni rọ́bà ń tọ̀. Bó bá wọlé tán, wọ́n á gbọ́ àyà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rọ á sì wo èémí tó ń jáde.

Bí omi mímọ́ gaara bá ń kán nímú ẹni tó ní ìjàǹbá, ìsàlẹ̀ agbárí lè ti sán. Ewu ńlá ni láti ti rọ́bà sí irú imú bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè ṣìnà dé ọpọlọ.

Fún àwọn tó bá fara pa lójú pópó Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ti Yunifásítì LAUTECH, àti ti Bowen, tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Bàbítísì dá sílẹ̀ ní 1907. Ẹ jọ̀wọ́, níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún akunilóorun bí imú yín bá máa ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ihò kan bá máa ń dí, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má sì fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́ fún un.