Yọ Èbù Kí O Tó Jẹ Iṣu: Ìmọ̀ràn Lórí Owó Oṣù Àwọn Ọ̀dọ́ Ọ̀tà àti Ṣàngó



Ní ìgbà àtijọ́, oko ni ọmọ Àwórì ń jogún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pọ̀ ní Ọ̀tà, Ṣàngó àti Agbára, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti di ọgbà ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni ó ń jí lọ sí ẹnu iṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ẹni tí ó ní oko, ó lè wa ẹ̀gẹ́ jẹ. Ẹni tí owó oṣù nìkan jẹ́ oko rẹ̀, bí owó náà bá tán ní ogúnjọ́ oṣù, gbèsè ni yóò jẹ. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí, kí ẹ̀yin òbí lè kà á fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ yín sì mọ bí yóò ti ràn wọ́n lọ́wọ́.

ÈBÙ NI A KỌ́KỌ́ Ń YỌ

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí a bá wa iṣu tán, a ó ṣa èbù sọ́tọ̀ kí a tó jẹ, kí a tó tà. Bí ìyàn tilẹ̀ mú, ọlọ́gbọ́n kì í fi ọwọ́ kan èbù, nítorí ẹni tí ó jẹ èbù ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí owó oṣù rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa wí pé, "Bí owó bá ṣẹ́kù, n ó fi pamọ́." Owó kì í ṣẹ́kù fún ẹni tí ń dúró dè é. Ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an ni kí a yọ èbù rẹ̀.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń gba iye yìí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦7,000 ni lóṣù, ₦84,000 ni lọ́dún. Èyí ju owó oṣù kan lọ. Bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójijì, yóò rí ohun jẹ nígbà tí ó bá ń wá òmíràn. Kí ẹni tí ń gba owó òòjọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦100 lójúmọ́. Àṣà ni kí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Iye rẹ̀ yóò máa pọ̀ bí agbára bá ti ń pọ̀.

OHUN TÍ Ń JẸ OWÓ

"Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n" ni ọ̀rọ̀ tí ó ti Abẹ́òkúta wá. Kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe bí ó ti mọ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí:

1. Owó ilé. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà á, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni owó ń wọlé fún òṣìṣẹ́. Ká ní ₦180,000 ni owó yàrá lọ́dún, kí a yọ ₦15,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ọjọ́ owó ilé má baà di ọjọ́ ẹkún.

2. Owó ọkọ̀. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti wọ́n gan-an. Bí ọ̀dọ́ bá ń san ₦500 lọ, tí ó ń san ₦500 bọ̀, fún ọjọ́ 26 lóṣù, ₦26,000 ni. Yàrá tí ó fi ₦5,000 wọ́n lóṣù, ṣùgbọ́n tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ni ó rọjú jù.

3. Oúnjẹ. Ẹni tí ń ra oúnjẹ lójú pópó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ń bọ́ ilé ẹlòmíràn. Kí ọ̀dọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó pọ̀ ra gààrí àti ẹ̀wà ní àpò, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Ibi tí àyè kékeré bá wà lẹ́yìn ilé, kí a gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀; láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, a ó ti máa já a sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi omi gọ́tà ilé-iṣẹ́ bomi rin ín, nítorí májèlé lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÈSÈ

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé. Kì í dín gbèsè kù rárá. Owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń yá lórí fóònù lónìí lè sọ wọ́n di ìwọ̀fà bákan náà. Ká ní ẹnìkan yá ₦10,000, tí ó ń san èlé ₦3,000 lóṣù. Bí kò bá rí ojú owó náà san, láàárín ọdún kan yóò ti san ₦36,000, ₦10,000 yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bákan náà ni kí a sá fún àwọn tí ń ṣèlérí èrè òjijì. MMM ṣèlérí èrè 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ó há owó mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, irú irúgbìn wo ni ó ń so bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, láìsí òjò, láìsí ẹ̀ẹ̀rùn?

IBI TÍ A Ń TỌ́JÚ ÈBÙ SÍ

Àjọ dára fún ẹni tí ń rí owó lójúmọ́. Bí ó bá dá ₦500 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 ni. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, yóò sì kó ₦14,500 lé e lọ́wọ́. Èsúsú kò ní èlé: bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦10,000 lóṣù, olúkúlùkù yóò kó ₦100,000 nígbà tí ó bá kàn án. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ní Trinidad lókè òkun, wọ́n ń dá a títí di òní, susu ni wọ́n sì ń pè é.

Báǹkì ní ààbò tirẹ̀. Láti ọdún 2024, bí báǹkì bá wó, àjọ NDIC lè san tó ₦5,000,000 fún ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀; ti báǹkì kéékèèké jẹ́ ₦2,000,000. Ààbò yìí kò kan àjọ, èsúsú tàbí ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, ni ó ń pa owó mọ́ tí ó sì ń yáni lówó pẹ̀lú èlé tí kò ni ni lára. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù.

IṢẸ́ TÍ Ó KU FÚN ẸGBẸ́

(a) Ẹ gba àwọn ọmọ yín tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wọlé, kí ẹ sì fi ìpàdé ìdáwó sí òpin ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ọjọ́ owó oṣù.

(b) Ẹ fún olúkúlùkù ní ìwé owó tirẹ̀, kí akápò fọwọ́ sí i lójú rẹ̀.

(d) Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìyáwó pàjáwìrì, bí àìsàn, kí ọ̀dọ́ má baà sáré tọ ayánilówó orí fóònù lọ. Kí onídùúró méjì dúró fún ẹni tí ń yá owó.

(e) Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún, kí a sì ka èsì rẹ̀ sí etí gbogbo ẹgbẹ́.

(ẹ) Ẹ máa ta gààrí àti ẹ̀fọ́ yín fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní tààrà. Yóò dín owó oúnjẹ wọn kù, yóò sì fi kún èrè yín.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, kí ó lọ rí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Kí ọ̀dọ́ tí ó sì ka ìwé yìí yọ èbù tirẹ̀ ní ọjọ́ owó oṣù tí ó ń bọ̀, kí ó tó na kọ́bọ̀ kan.