Ta Ló Ń Sanwó Kóòtù Ìpínlẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹjọ́ bá gbé dé kóòtù ló rò pé àpò kan náà ni owó gbogbo ilé ẹjọ́ ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀, Àbújá ló ti ń wá, nípasẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Orílẹ̀-èdè (NJC). Ṣùgbọ́n májísíréètì, akọ̀wé tó ń gba ìwé ẹjọ́ lọ́wọ́ yín, títí dé báálífù tó ń mú sámáǹsì wá sílé, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń sanwó wọn. Òun náà ló yẹ kó máa kọ́ ilé kóòtù, kó máa ra bébà àti epo jẹnẹrétọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù, ọwọ́ ni adájọ́ ṣì fi ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ kí bíírò adájọ́ lè bá a, kó tó sọ òmíràn. Bí iná bá wá lọ tí kò sì sí epo, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ẹ lè dì ru adájọ́ (àwọn lọ́yà náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹjọ́ falẹ̀).

Abala 121 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí owó kóòtù tó bá wà nínú àpò ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ olórí kóòtù. Wọ́n tún abala náà ṣe ní 2018, wọ́n fi Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ kún un. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ gómìnà kò tú owó náà sílẹ̀. Ní 2020, Ààrẹ Buhari pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ọ́ níbi owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ pe ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fagi lé àṣẹ náà ní 2022. Láàárín méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, ti daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti Oṣù Kẹrin títí wọ Oṣù Kẹfà 2021. Àwọn tó wà láhàámọ́ tí wọn kò tíì rí bélì gbà ni ìyà náà jẹ jù.

Ní ti yín, ẹ máa san owó tí wọ́n fi ń fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ ní kóòtù. Àpò ìjọba ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní Èkó, bí gbèsè tí wọ́n jẹ yín kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, kóòtù gbèsè kékeré wà láti 2018. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni tó jẹ yín. Ọjọ́ 60 ni wọ́n là sílẹ̀ láti parí ẹjọ́ ọ̀hún. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá OPD, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé tọ́ sí ibùdó ìlàjà ìjọba, CMC. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, wọn kò sí lábẹ́ kóòtù. Ẹ mú ìwé àdéhùn àti rìsíìtì owó ilé dání, kí ẹ sì mọ àdírẹ́sì ẹni tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín pè.