Ògiri Tó Lanu Nínú Ilé Àgbẹ̀: Ẹ Mọ Ohun Tó La Á Kí Ẹ Tó Dí I

Ọ̀rọ̀ wa ti òní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ògiri inú ilé tó sán ni, àti ti àjà tó là lókè orí wa. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ètò àgbẹ̀ nínú iṣẹ́ bíríkìlà. Ó kàn án, nítorí pé inú ilé kan náà tí à ń sùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó kòkó, àgbàdo àti ẹ̀wà sí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nínú ilé tí irè oko wà, kì í ṣe aláǹgbá nìkan ló ń wọlé. Kòkòrò tó jẹ àgbàdo èṣí máa ń sá pamọ́ sínú ojú sísán lẹ́yìn tí a bá ti kó àgbàdo tà tán. Bí a bá kó tuntun dé, wọ́n á jáde, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń gbá yàrá mọ́ tónítóní, síbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ ń di ìyẹ̀fun. Omi tó bá gba ara ògiri wọlé sì lè mú kí kòkó bu. Kòkó gbígbẹ tó dára kò gbọ́dọ̀ ní omi nínú ju nǹkan bí ìdá 7.5 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá fi àpò kòkó ti ògiri tútù ń tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ká ni.

Èyí tó burú jù ni ti oògùn. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sínú irè oko, tí wọ́n ń pè ní aluminium phosphide, máa ń di afẹ́fẹ́ olóró nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án. Ojú sísán tóóró tó wà láàárín yàrá tí irè oko wà àti yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ti tó ọ̀nà fún un. Ó lè pa ènìyàn lójú oorun. Ó dára kí a dí ojú sísán, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ògiri tí a dí ti tó ààbò. A kì í lo oògùn yìí rárá nínú ilé tí ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn ń sùn, bí ògiri rẹ̀ tilẹ̀ dán bíi díńgí. Ilé ìkẹ́rùsí tó dá dúró ni ibi tirẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ sì ni kó lò ó.

BÍ A ṢE MỌ ILÉ WA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fi mọ ògiri wa. Ní Iléṣà, Ìbòkun, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ ilé tí owó kòkó àti òwò àwọn òṣómàáló kọ́ jẹ́ ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tí a sì fi páànù bò. Sìmẹ́ǹtì wọ́n nígbà náà. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tirẹ̀ títí di ọdún 1960 tí ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ògiri tó dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù lójú, amọ̀ ni nínú.

Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Amọ̀ máa ń mu ọ̀rinrin nígbà òjò, a sì wú díẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a gbẹ, a sì sún kì. Sìmẹ́ǹtì le gbagidi, kì í bá a sún. Bí èyí tó wà nínú bá sún, tí èyí tó wà lójú kò sún, wọ́n á ya ara wọn. Bí ẹ bá fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀, yóò máa dún bí akèrègbè òfìfo. Ṣáájú kí ojú sísán tó hàn ni ìyapa yìí ti wà.

Ẹni tó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti lè rí irú rẹ̀. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ àwọn ère ńlá ibẹ̀. Adébísí Àkànjí, tó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí, wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà jẹ́ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì bò. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Síbẹ̀, òkìkí kò dá òjò àti ikán dúró. Bí sìmẹ́ǹtì ojú bá là, omi á wọ inú amọ̀, ikán á sì tẹ̀ lé e. Títún wọn ṣe kì í tán. Bí ère tí gbogbo ayé ń wá wò bá ń fẹ́ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ti ògiri yàrá wa ńkọ́?

Ẹ KỌ́KỌ́ WO IRÚ OJÚ SÍSÁN TÓ JẸ́

1. Èyí tó tín-ínrín bí fọ́nrán irun, tó ta kókó bí àwọ̀n. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló gbẹ kíákíá jù tàbí tó pọ̀ jù nínú yanrìn. Kò léwu.

2. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn, tó sì dágun lọ sókè. Ẹrù ògiri òkè ló wúwo fún igi tàbí kọnkéré tó wà lórí fèrèsé náà, tàbí kí ìpìlẹ̀ ti rì díẹ̀.

3. Èyí tó ń gun ara búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn. Ìpìlẹ̀ apá kan ń rì. Omi ló sábà máa ń fà á.

4. Èyí tó dá ibi tí ògiri ti pàdé àjà. Igi òrùlé tàbí igi àjà ló ń sún, tàbí ikán ti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí bóyá ojú sísán náà ṣì ń rìn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ ní ìdábùú bí ẹni fi okùn di nǹkan. Ẹ fi í sílẹ̀ láti ìgbà òjò wọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìdè náà kò bá sán, tí ojú sísán kò sì kọjá àmì, ẹ lè tún un ṣe. Bí ìdè bá sán, ìyà tó ń jẹ ògiri náà kò tíì tán. Bí a bá dí i, owó wa ló gbé.

ÈYÍ TÍ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ FỌWỌ́ ARA YÍN DÍ

Bí ògiri bá yọ ikùn, bí ògiri méjì bá ti ya ara wọn ní igun, bí ọmọ ìka bá lè wọ ojú sísán, bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í há, tàbí bí àjà bá ń tẹ̀ wálẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbàlagbà kúrò ní yàrá náà lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó irè oko. Ẹ wá pe bíríkìlà tó mọ iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà bò ó kí àlejò má baà rí i. Ògiri tó fẹ́ wó kì í wo ojú ọ̀dà.

Ẹ DÁ OMI DÚRÓ NÁ

Inú ilé ni ojú sísán ti ń hàn, ṣùgbọ́n ìta ni okùnfà rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí. Bó bá ti gbẹ́ kòtò sí ìdí ògiri, ẹ kó erùpẹ̀ dí i, kí ẹ kì í dáadáa, kí ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí òkè pọ̀ sí, ẹ la ojú àgbàrá sí ẹ̀yìnkùlé, kí omi tó ń ti òkè bọ̀ má baà forí sọ ògiri. Ẹ dí páànù tó ń jò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi balùwẹ̀ máa rin ìdí ilé. Bí ọ̀nà ikán bá wà lára ògiri, ẹ wá ibi tó ti ń jáde, kí ẹ sì kọ́kọ́ pa á.

BÍ A Ṣ E Ń TÚN ÒGIRI ALÁMỌ̀ ṢE

Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe. Sìmẹ́ǹtì líle tí a bá kì bọ inú amọ̀ yóò tún ya kúrò ni.

1. Ẹ kan ògiri yíká ojú sísán. Gbogbo sìmẹ́ǹtì tó bá ń dún bí akèrègbè, ẹ ṣí i kúrò. Ẹ gbẹ́ amọ̀ tó ti rọ jáde títí ẹ ó fi kan èyí tó le.

2. Ẹ wá amọ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí. Ẹ fi omi pò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, yóò so ó pọ̀.

3. Ẹ dán an wò. Ẹ ṣe ìṣù pẹlẹbẹ mẹ́ta: amọ̀ lásán, amọ̀ 2 sí yanrìn 1, àti amọ̀ 1 sí yanrìn 1. Ẹ sá wọn sí ibòòji títí wọn yóò fi gbẹ. Èyí tó sán kò dára. Èyí tó ń kú bí iyẹ̀pẹ̀ náà kò dára. Èyí tó le tí kò sì sán ni kí ẹ lò.

4. Ẹ wọ́n omi sí ojú sísán kó tutù, ṣùgbọ́n kó má ṣe ṣàn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ amọ̀ náà wọ inú rẹ̀. Kó má ṣe nípọn ju ìbú ìka kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbẹ, ẹ fi òmíràn lé e.

5. Amọ̀ yóò sún kì díẹ̀ létí. Ẹ wọ́n omi síbẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ tó rọ̀ dí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kó le sí i, sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ló ń fẹ́. NBRRI, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, ti ń lo sìmẹ́ǹtì bí ìdá 5 nínú 100 fún búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Èyí ni kóńgò sìmẹ́ǹtì 1 sí kóńgò amọ̀ 19. Amọ̀ tí yanrìn wà nínú rẹ̀ ni èyí bá mu. Èyí tí ẹ bá ti fi sìmẹ́ǹtì sí, ọjọ́ náà ni kí ẹ lò ó tán.

BÍ A ṢE Ń TÚN ÒGIRI BÚLỌ́Ọ̀KÙ ṢE

Ẹ fi òòlù àti irin mímú la ojú sísán náà sí i, kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí ohun tí ẹ bá kì sí i má baà jáde. Ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi omi rin ín. Ẹ po sìmẹ́ǹtì 1 mọ́ yanrìn 5. Kí yanrìn náà mọ́, kó má ní amọ̀ nínú. Ẹ kì í bọ inú rẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ fi pákó tẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ó dára jù. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi ògbólógbòó àpò kòkó tó tutù bò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe nìyí: wọ́n á po sìmẹ́ǹtì dáadáa, wọ́n á sì jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ mu omi inú rẹ̀ tán kó tó le. Èyí tó dà bí irun lásán, ẹ po sìmẹ́ǹtì funfun kó rọ̀, kí ẹ fi pa á, kí ẹ tó kun ọ̀dà.

TI ÀJÀ

Nínú ilé àtijọ́, orí àjà ni a ń kó irè oko sí. Ẹ rántí pé báàgì kòkó 16 ló ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan. Báàgì 8 lórí àjà, ìdajì tọ́ọ̀nù ni. Igi tí ikán ti jẹ nínú kò lè gbé e. Bí àjà bá là, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, káfíńtà ló kàn, kì í ṣe amọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àjà asbestos, èyí tó dà bí pátákó sìmẹ́ǹtì pẹlẹbẹ nínú àwọn ilé tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1989, ẹ fetí sílẹ̀. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè lò ju ogún ọdún lọ nínú ara kó tó fara hàn. Ẹ má ṣe rẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Bó bá là díẹ̀ tó ṣì dúró, ẹ fi ọ̀dà kùn ún jẹ́jẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá fọ́, ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ lé ọmọdé jìnnà, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

ÌGBÀ TÓ YẸ

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni iṣẹ́ yìí yẹ, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí owó kòkó sì ti ń wọlé. Kò ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ fún ojú sísán yàrá bíi mélòó kan. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè da owó pọ̀ ra àpò kan, kí wọ́n sì máa ṣe é ní ọ̀wẹ̀ láti ilé dé ilé. Sìmẹ́ǹtì tí a bá ṣí tí a kò lò tán máa ń dì, nítorí náà àjùmọ̀ṣe lérè.

Ẹ mọ ohun tó la ògiri, ẹ dá omi dúró, ẹ fi irú ohun tí a fi mọ ògiri tún un ṣe. Kí ilé wa má wó o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Ilé mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ni irè oko àti ọmọ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà?
2. Níbo ni ẹgbẹ́ wa lè fi ṣe ilé ìkẹ́rùsí tó dá dúró?
3. Ta ni bíríkìlà àgbà tó ṣì mọ bí a ti ń po amọ̀ ní àdúgbò wa, àwọn ọ̀dọ́ wo ló sì lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀?