Àga 168 Tí Ó Ṣófo

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ṣùgbọ́n bí ìjàm̀bá bá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì, iye wọn ni gbogbo ayé máa ń kà, orúkọ wọn a sì di ìgbàgbé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ṣe.

Ní ọjọ́ 19 oṣù April, ọdún 1995, Timothy McVeigh gbé ọkọ̀ tí ó kún fún bọ́ǹbù síwájú ilé iṣẹ́ ìjọba kan níbẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì òwúrọ̀, ó bú gbàmù. Ènìyàn 168 ni ó kú. Ọmọdé 19 wà nínú wọn.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọn kò sáré pe àwọn ayàwòrán ilé. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti àwọn tí orí kó yọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ibi ìrántí náà máa sọ fún aráyé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó kéde ìdíje, àwòrán 624 sì wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan èyí tí ó dára jù, àwọn ọlọ́fọ̀ tún wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó pé ọdún márùn-ún gééré, ní ọdún 2000, wọ́n ṣí i. Orí ilẹ̀ tí ilé náà ti wó ni wọ́n to àga 168 sí, orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan wà lára tirẹ̀. Ilé alájà mẹ́sàn-án ni ilé náà, nítorí náà ìlà mẹ́sàn-án ni wọ́n to àga sí. Àga àwọn ọmọdé kéré sí ti àgbà. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ èyí nínú wa? Ìyá tí ó sin ọmọ mọ ibi tí ọmọ náà ti máa ń jókòó jẹun.

Ẹnu ọ̀nà ńlá méjì ni ó kọjú síra wọn. Wọ́n kọ 9:01 sára ọ̀kan, ìṣẹ́jú tí ara ṣì rọ ìlú. Wọ́n kọ 9:03 sára èkejì, ìgbà tí ìtùnú bẹ̀rẹ̀. Omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ó wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin oníṣòwò, ìmọ̀ràn mi nìyí: bí a bá fẹ́ ṣe ìrántí òkú, kí a tó ra sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn tí ó ni òkú. Kí a sì kọ orúkọ gbogbo wọn, láìku ẹnì kan.