Kí Ni Àwọn Olùkọ́ Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì Ń Wádìí? Ìlàlóye fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ òbí ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Challenge àti káàkiri Ring Road ló gbà pé ọmọ tó bá lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ló lọ kọ́. Èrò yìí ló ń mú kí àwọn kan fi ẹ̀ka náà ṣe àṣàyàn ìkẹyìn, nígbà tí ìmọ̀ òfin bá ti bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà kò tó láti fi mọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan. Ohun tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń wádìí ló ń pinnu ìwé tí ọmọ yóò kà, ìbéèrè tí yóò kọ́ láti máa bi ara rẹ̀, àti irú iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ bó bá jáde. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ti Yunifásítì Ìbàdàn ni a ó fi ṣe ẹ̀rí, torí pé òun ló sún mọ́ wa jù, ìtàn rẹ̀ sì gùn tó láti fi wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí.

Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, kí wọ́n tó kó wá sí ibi tó wà lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń kọ́, òun náà ló ń fúnni ní oyè, títí Ìbàdàn fi di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Paul Christophersen tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Denmark ni, gírámà Gẹ̀ẹ́sì sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Molly Mahood tó gba ipò náà ní 1954, tó sì dì í mú di 1963, Shakespeare ni tirẹ̀. Ìbàdàn ló wà nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí bí Shakespeare ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà jáde ní 1957. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ìtàn Joyce Cary tó ń jẹ́ Mister Johnson, tí ó dá lórí Nàìjíríà, wà lára ohun tí wọ́n ní kí Chinua Achebe àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kà. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sí bí ìwé yẹn ṣe ya ọmọ aláwọ̀ dúdú, Achebe sì sọ lẹ́yìn náà pé ó wà lára ohun tó ti òun sí ìtàn kíkọ. Ìwé ìtàn tirẹ̀, Things Fall Apart, jáde ní 1958. Ẹ wò ó bí ìwé kan ṣoṣo tí olùkọ́ yàn ṣe lè yí ọjọ́ ọ̀la ọmọ padà, kódà nígbà tí ọmọ náà kò fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ìwádìí yí ojú sí ilé. Ayọ̀ Bánjọ, tó ṣe gíwá yunifásítì náà títí di 1991, tó sì di olóògbé ní 2024, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1969 pẹ̀lú iṣẹ́ tó fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì wé ti Yorùbá. Ní 1971, ó pín Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń fẹnu sọ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó ní ìkẹta ló yẹ ní kíkọ́ nílé ìwé, èyí tí ará ilẹ̀ òkèèrè lè gbọ́ yé, tí ará ilé kò sì ní sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ń díbọ́n bí òyìnbó. Ohun tó sọ yìí kan gbogbo tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹnu wa ti yàtọ̀ sí ti òyìnbó ni àṣìṣe wà. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, dánfó, ọ̀kadà àti búkà sì wà lára wọn. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ti ń jà fún láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni ayé wá fọwọ́ sí.

Ní apá lítíréṣọ̀, Isidore Okpewho, tó kọ́ni ní ẹ̀ka yìí láti 1976 di 1990, kọ The Epic in Africa ní 1979. Àwọn onímọ̀ òkèèrè kan ti ní Áfíríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtàn akọni gígùn tí wọ́n ń fi ohùn pa. Ó kó ẹ̀rí jọ láti inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn. Adérẹ̀mí Ràjí-Oyèládé, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Rẹ̀mí Raji, yan òwe ní tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gba ìdajì òwe àwọn àgbà, wọn a sì yí ìparí rẹ̀ sódì. Ohun tí àgbà kà sí ìbàjẹ́ èdè ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fi ṣe ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì gbé ìwé jáde lé lórí ní 2012. Níyì Ọ̀ṣúndáre, tó ti ṣe olórí ẹ̀ka náà rí, wádìí bí èdè méjì àti àṣà méjì ṣe ń bára wọn gbé nínú ìtàn àròsọ Nàìjíríà. Kò fi ìmọ̀ náà mọ́ inú ọgbà yunifásítì: ní nǹkan bí 1985 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Tribune, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Òkè-Àdó, kí ẹni tó ra ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀ lè rí ewì kà pẹ̀lú ìròyìn.

Èyí tó yẹ kí ó tètè yé ará ìlú jù ni ti ilé ìwòsàn. Akin Ọdẹ́bùnmi, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìlò èdè, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìjíròrò dókítà àti aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Yorùbá. Ó wo bí dókítà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ fún aláìsàn àti ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wo bí Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ṣe ń wọnú ara wọn bí aláìsàn bá ń sọ ibi tó ń dùn ún. Emmanuel Ọmọ́bọ̀wálé náà yan ibi tí lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ìṣègùn ti pàdé. Ẹ ro ó wò: ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Agbowó lọ sí ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, tí wọ́n fún lóògùn, tó sì jáde láìmọ̀ bóyá kí ó lò ó kí ó tó jẹun ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, kò tíì gba ìtọ́jú tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà lára ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kì í kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fi ìṣọ́ra gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé ènìyàn tàbí tí kò fi yé e.

Àwọn kan yóò ní owó ìjọba ni wọ́n fi ń gbé èdè àjèjì lárugẹ, tí Yorùbá sì ń rọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ìbẹ̀rù gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọgbà kan náà ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti èdè Áfíríkà wà, níbi tí Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó kọ ìwé gírámà Yorùbá tó jáde ní 1966, ti ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí a sì ti mẹ́nu bà lókè yìí, òwe wa, ìtàn wa àti ẹnu aláìsàn wa ló dá lé lórí. Ibi tí ẹ̀sùn náà ti múlẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ìwé Ràjí-Oyèládé lórí òwe Yorùbá, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Bódìjà, tí òwe náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò lè rí i kà. Èyí dùn wá. Ìwádìí tí wọ́n gbà láti ẹnu ará ìlú yẹ kí ó padà dé ọ̀dọ̀ ará ìlú ní èdè tó gbọ́, ì báà jẹ́ ojú ewé mẹ́rin péré, ó sì yẹ kí yunifásítì kà á sí iṣẹ́ fún olùkọ́ tó bá ṣe é.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ni ọmọ àwọn ń wá, ìwádìí olùkọ́ kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Lọ́dún tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ àṣekágbá lábẹ́ olùkọ́ kan, ohun tí olùkọ́ náà sì mọ̀ dáadáa ló lè tọ́ ọ sọ́nà nínú rẹ̀. Ọmọ tó kọ tirẹ̀ lórí ìjíròrò ilé ìwòsàn ní ohun tó lè fi han àjọ tó ń ṣe ìpolongo ìlera. Èyí tó yẹ ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ohun tó lè mú lọ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà, irú bíi University Press, Heinemann àti Evans, tí gbogbo wọn fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. A kò sọ pé ìwé ẹ̀rí yìí yóò fúnni níṣẹ́ dandan, kò sí ìwé ẹ̀rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tó mọ olùkọ́ tí òun ń wá láti ọdún kìíní yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn pín olùkọ́ fún ní ọdún kẹrin.

Àtakò tó le jù ni pé àwọn tó dáńtọ́ ti lọ. Òótọ́ ni. Okpewho kọjá sí Amẹ́ríkà, Ọ̀ṣúndáre lọ sí New Orleans, Harry Garuba, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka yìí, lọ sí Cape Town, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 2020. Owó oṣù tí kò tó nǹkan àti ìyanṣẹ́lódì, irú èyí tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, ń lé àwọn mìíràn lọ. Bí olùkọ́ kan bá lọ, ìwé rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ yóò bi ní ìbéèrè kò sí mọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́lòmíràn tó mọ abala náà bíi tirẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ńlá ayé àtijọ́ kọ́ ni kí òbí máa wò. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí ni kí ẹ béèrè.

Kò ṣòro láti béèrè. Yunifásítì máa ń to orúkọ àwọn olùkọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ipò wọn àti ohun tí wọ́n ń wádìí. Ipò ń lọ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kékeré títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipò nìkan ṣe ìdíwọ̀n: olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé lè jẹ́ ẹni tí ìwádìí rẹ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ mu jù. Ẹni tó ń lo JAMB yóò nílò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ti ọdún tí ẹ ń ṣe fún ẹ̀kọ́ méjì tó kù. Ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé, mẹ́ta fún ẹni tó gba Direct Entry. Ẹni tó sì fẹ́ kàwé fún oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó ka ohun tí olùkọ́ tó ń fẹ́ ti kọ ná, ó kéré tán iṣẹ́ méjì, kí ó tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.