Aṣọ Àfọwọ́hun fún Ìkókó àti Abiyamọ

Bí ọmọ tuntun bá pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé, tí ẹbí òun ọ̀rẹ́ péjọ láti sọ ọ́ lórúkọ, oríṣiríṣi ẹ̀bùn ni ó máa ń wọlé. Àwọn kan yóò mú owó wá, àwọn kan yóò gbé ike ìwẹ̀ ọmọ dé, àwọn mìíràn yóò kó aṣọ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù wá pẹ̀lú bébà dídán tí a fi wé e. Láàárín gbogbo wọn, kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá àgbà kan fa fìlà kékeré yọ nínú àpò rẹ̀, fìlà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Àwọn èwe tí ó wà níbẹ̀ lè rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí bí a bá fi owó díwọ̀n rẹ̀, fìlà náà lè má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí mú, fìlà yẹn gan-an ni ìyá ọmọ yóò máa wá kiri. Kí ni ó wà nínú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wúlò tó bẹ́ẹ̀? Báwo sì ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é kí ó má baà di ohun àfojúwò lásán, tàbí kí ó tilẹ̀ pa ọmọ lára?

Ó dára kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà hun wò. Yorùbá a máa hun aṣọ, wọn a máa hun ẹní, wọn a sì máa hun agbọ̀n. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ méjì àti wúùlù dé láti òkè òkun, èdè kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Hun náà ni a ń lò títí di òní. Síbẹ̀ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ gidigidi. Lórí òfì, òwú ọ̀nà méjì ni ó ń pàdé: àwọn kan nà tàntàn, òmíràn ń gba àárín wọn kọjá lọ tí ó sì ń padà bọ̀, títí wọn yóò fi di ara wọn mú. Ti abẹ́rẹ́ méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú ẹyọ kan ṣoṣo ni. A ó fi í ṣe ojú kan, a ó fa ojú mìíràn gba inú rẹ̀ yọ, a ó tún fa òmíràn gba inú ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é lọ láti ìlà dé ìlà. Ìdí nìyí tí aṣọ òfì fi ń dúró gírígírí, tí súwẹ́tà sì ń nà tí ó tún ń sún kì. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi ń fi aṣọ òfì pọn ọmọ, tí a sì ń fi wúùlù dé e ní fìlà. Ohun tí yóò gbé ẹrù kò gbọdọ̀ máa nà. Ohun tí yóò bo orí tí ó ń dàgbà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ṣàì nà.

Rán náà ní tirẹ̀. Ohùn kan náà ni rán tí a ń rán aṣọ àti rán tí a ń rán ènìyàn níṣẹ́ ní. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ torí èyí pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé ìró tí ó dọ́gba kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gba aṣọ tí a rán fún un nìkan ṣoṣo rí tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ni wọ́n jẹ́ fún òun.

Kí wúùlù tó dé, aṣọ àgbà tí ó ti gbó ni a sábà máa ń fi gba ọmọ tuntun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni òwe náà ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ abiyamọ mu ní tààrà. Òwú tí a ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti rọ̀, aró tí yóò ṣí lára rẹ̀ ti ṣí tán, ó sì ń fa omi mu ju aṣọ tuntun tí a fi ẹ̀kọ le lọ. Kò sí èyí tí ó yẹ awọ ara ìkókó tó o. Ìdí kejì tún wà tí a kì í sábà sọ jáde. Ní ayé tí ìbẹ̀rù àbíkú pọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà kò fẹ́ kí aboyún máa kó aṣọ ọmọ jọ ní gbangba kí ọmọ tó délẹ̀. Ìró ìyá àgbà tí ó ti wà nínú àpótí tẹ́lẹ̀ kò pariwo. Ẹni kan kò lè tọ́ka sí i pé ọmọ ni a ń retí.

Ọ̀já ni ẹ̀bùn kejì. Nígbà tí a bá ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, àdúrà tí ó ń kún ẹnu ni pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Ní agbègbè Èkìtì, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn obìnrin ti mọ aṣọ hun nínú ilé, ìyá tí ó ń wúre bẹ́ẹ̀ lè fi ọwọ́ rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn, kí ó hun ọ̀já. Òfì obìnrin a máa dúró sára ògiri, ẹni tí ń hun yóò sì jókòó síwájú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí òfì ọkùnrin irú ti Ìsẹ́yìn, tí òwú rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú ahunṣọ, tí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ń ti orí rẹ̀ jáde, tí a óò wá rán pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Aṣọ ti obìnrin fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a ń pè ní kíjìpá ki, ó sì lágbára; àwọn àgbà a máa pè é ní aṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé kì í tètè gbó, ẹni tí ó bá ní in lè jókòó ti iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó wá òmíràn. Àárín iṣẹ́ ilé ni obìnrin ti ń hun ún. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, yóò hun díẹ̀. Bí ọmọ bá ké, yóò fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà ìgbìmọ̀ ìjọ àti ilé ìwé ni abẹ́rẹ́ òyìnbó gbà wọ inú ilé. Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì wà lára ohun tí Anna kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú ọgbọ́n ìránṣọ tiwọn bọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ìwé obìnrin gbilẹ̀, tí híhun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà ọmọ di apá kan ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Ohun kan tí ó ṣe é ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀kọ́ yìí da àṣà àtijọ́ rú díẹ̀. Aboyún tí ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ kékeré lórí ìjókòó ní ilé ìwòsàn ti kéde oyún rẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí àwọn ìdílé kan ṣe yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ aboyún: ìyá ọkọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ni yóò hun ún ní kọ̀rọ̀, yóò sì gbé e jáde lẹ́yìn tí ọmọ bá ti délẹ̀. Báyìí ni ohun tí ó jẹ́ ìpalẹ̀mọ́ fún òyìnbó ṣe di ẹ̀bùn lọ́wọ́ Yorùbá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwọ̀n. Ẹni tí ń ra aṣọ yóò béèrè oṣù ọmọ, ọlọ́jà yóò sì nawọ́ mú un fún un. Ẹni tí ń hun kò ní olùrànlọ́wọ́. Orí ọmọ tí ó pé oṣù rẹ̀ kí a tó bí i a máa tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Bí ó bá fi pé ọdún kan, yóò ti súnmọ́ 46. Fìlà tí ó ṣe wẹ́kú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kò ní pẹ́ kí ó tó há. Ẹni tí ó gbọ́n yóò hun méjì, ọ̀kan fún ìsinsìnyí, èkejì fún ọyẹ́ tí ń bọ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó hun ègé kékeré kan, kí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ó sì ka iye ojú tí ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ojú 20 bá wà níbẹ̀, méjì-méjì ni ó bọ́ sí fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Fìlà tí yóò mú orí dáadáa a máa kéré díẹ̀ sí orí fúnra rẹ̀, nítorí pé yóò nà. Fún orí sẹ̀ǹtímítà 35, a lè fi 32 ṣe ìwọ̀n fìlà, èyí tí yóò fún wa ní ojú 64. Ọwọ́ ẹlòmíràn le, ọwọ́ ẹlòmíràn dẹ̀; ìdí nìyí tí iye ojú tí ọ̀rẹ́ ẹni lò kò fi lè jẹ́ òfin fún ẹni. Olùkọ́ ìṣirò tí ó ń wá àpẹẹrẹ ìpín lè ya ẹ̀kọ́ yìí lò láìtijú.

Irú òwú náà ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà kì í ṣe irun àgùntàn rárá, òwú tí a fi kẹ́míkà ṣe ni. Ó rọrùn láti fọ̀, kì í sì í sún kì bí irun àgùntàn ti ń ṣe nínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu, bí iná bá sì kàn án, yíyọ́ ni yóò yọ́. Fún ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá, òwú gidi ni ó sàn jù ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún.

Ewu tún wà tí ọnà ara aṣọ máa ń bò mọ́lẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń so fìlà mọ́ àgbọ̀n ọmọ lè fún un lọ́rùn. Bọ́tìnnì tí kò dúró dáadáa lè já bọ́ sí i lẹ́nu. Ṣóńṣó òwú tí a fi sílẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ lè lọ́ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè kọjá mọ́, ọmọ yóò sì máa sunkún láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Nítorí náà, kí a yí ìbọ̀sẹ̀ síta sínú, kí a wo inú rẹ̀ kí a tó wo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ọmọ tí ó pé oṣù, tí ara rẹ̀ le, sùn pẹ̀lú fìlà lórí nínú yàrá tí ó móoru, nítorí pé orí ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá fún ọmọ tí kò pé oṣù tàbí tí ó kéré jù. Ara rẹ̀ kò ní ọ̀rá tó, kò sì lè pa ooru mọ́ fúnra rẹ̀. Òtútù nìkan lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, níbi tí ẹ̀rọ ìmóoru fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tó, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí òun àti Dókítà Héctor Martínez jọ gbé lárugẹ. Wọ́n ní kí ìyá so ọmọ mọ́ àyà rẹ̀, kí awọ kan awọ, bí kangarú, ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà, ti ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní kété tí a bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì wà láyà ìyá fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Kí ni ọmọ náà ń wọ̀? Ìtẹ́dìí, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà. Kí ni ó ń dì í mú? Aṣọ tí a wé yí ìyá àti ọmọ ká, tí kò gbọdọ̀ nà jù, tí kò sì gbọdọ̀ tú. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀já mọ aṣọ náà, àfi pé àyà ni a ń pọn ọmọ sí níhìn-ín dípò ẹ̀yìn. Orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má tó sẹ̀ǹtímítà 30, fìlà tí ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó lè ka ojú òwú lè hun ún tán ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn kan ń jà fún iṣẹ́ yìí pé ó dín owó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkìrìkà lè wọ́n kéré sí owó òwú nìkan, ká má tilẹ̀ ka àkókò sí i. Àwọn mìíràn ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni, tí wọ́n gbàgbé pé ọkùnrin ni ó ń rán agbádá tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn láti ayé àwọn baba. Ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù ni pé ẹni tí yóò hun nǹkan fúnni kò lè ṣe é láìwádìí. Ó gbọ́dọ̀ béèrè bí orí ọmọ ti tó, bóyá yàrá wọn móoru, bóyá ìyá ní ẹni tí ń bá a fọ aṣọ. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ni ó wà tí ẹnikẹ́ni kò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí àlejò ìsọmọlórúkọ ti túká.

Nígbà tí fìlà bá wá kéré jù fún ọmọ, a kì í sọ ọ́ nù. Ibi tí a ti dá òwú dúró ni a ó wá, a ó tú ìdè ibẹ̀, a ó sì fà á. Gbogbo ojú náà yóò máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà yóò máa tẹ̀lé ìlà, títí yóò fi di òwú gbọọrọ kan ṣoṣo tí ó ṣì ká kórókóró. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a kí ó nà, a ó wé e di bọ́ọ̀lù, a ó sì tún mú abẹ́rẹ́.